Mo Ti Dárí Jì Wọ́n. Owó Mi Ńkọ́?

Tí ẹnìkan bá jẹ yín lówó nínú ìjọ wa, kí wọ́n tó bi yín pé èló ni, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ṣé ẹ ti dárí jì í. Mi ò mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiyín. Lọ́dọ̀ tiwa n'Ìbàdàn níbí, ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni wọ́n máa ń gbàdúrà fún, pé kí Ọlọ́run bá wọn rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ẹni tó jẹ owó ti wà láàárín akọrin ní tiẹ̀, ó ń lé orin.

Ọ̀rọ̀ èésú kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa obìnrin ìjọ lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ́ sọ. Mo gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jẹ lówó kí n tó kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n sáà má fi orúkọ òun gan-an sí i, nítorí náà Ìyá Dúpẹ́ ni màá máa pè é. Ẹni tó jẹ owó ọ̀hún, mi ò ní dárúkọ wọn rárá, mi ò sì ní dárúkọ ìjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ wá, ẹ dákun, ẹ fi mọ sínú.

Ohun èlò télọ̀ ni mò ń tà ní Gbági: síìpù, òwú, bọ́tìnì, láínì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jà, gbèsè kì í ṣe nǹkan tí a fi ń bo ojú. Oníbàárà á kó ọjà láwìn, màá kọ ọ́ sínú ìwé, tó bá ti pẹ́ jù, màá pè é: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. ₦8,500 mi wà lọ́wọ́ yín." Á ní òun ò gbàgbé. Màá ní mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé, ìgbà wo ni? Á dá ọjọ́. A ò bá ara wa jà, a ò sì gbààwẹ̀ lé e. Inú ìjọ ni mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n rò pé tí wọ́n bá ti béèrè owó wọn, wọ́n ti kúrò nínú ìfẹ́ nìyẹn.

Bí èésú wa ṣe rí nìyí. Àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ₦20,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan ní ìparí oṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦300,000. Ìwé la fà láti mọ ẹni tó máa kó ṣáájú, àfi olórí èésú tó jẹ́ òun ló ń kọ́kọ́ kó. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìsìn la máa ń dá a. Olórí èésú á ka owó lójú gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó kàn á tún un kà, á wé e mọ́ abẹ́ ìró rẹ̀, á máa lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí a ń tò sí báǹkì láti òwúrọ̀ láì rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún gbà, la ní kí kálukú máa fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì olórí èésú. Ó rọrùn. Nígbà tí owó bébà padà wá, a ò padà sórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ọjọ́ náà ni ojú gbogbo wa kúrò lára owó.

Olórí èésú wa ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí mo bí Fẹ́mi, tí ẹsẹ̀ ń dun ìyá tó bí mi tí wọn ò lè wá, Màmá ló ń wá láràárọ̀ wẹ ọmọ fún mi. Wọ́n á gbé e sórí ẹsẹ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n á dì í mú lápá kan jù ú sókè, ọkàn mi á fò. Kò sí nǹkan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú kan ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ló kan Ìyá Dúpẹ́. Opó ni, ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ló ń tà. Ẹni tó bá mọ èrè orí ọ̀ọ̀lẹ̀, pẹ̀lú iye tí ẹ̀wà ti dà báyìí, á mọ ohun tó túmọ̀ sí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa yọ ₦20,000 sílẹ̀ lóṣooṣù láì pa oṣù kankan jẹ. Ọmọ rẹ̀ ti wọlé sí pólì, wọ́n ti dá ọjọ́ tí owó ilé ìwé gbọ́dọ̀ wọlé. Ìdí tó fi wọ èésú nìyẹn.

Àwa mẹ́rìnlá yòókù san tiwa, òun náà san tirẹ̀. ₦300,000 pé sí àkáǹtì Màmá, a ń kọ "mo ti fi ránṣẹ́ o" sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Dúpẹ́ ò rí nǹkan. Màmá ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó tún pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní báǹkì ti ti àkáǹtì àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwòrán alẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ọmọ Ìyá Dúpẹ́ ló wo àwòrán náà dáadáa. Ó ní, "Mọ̀mí, báǹkì wo ló ń pè yín ní Iya Dupe Eleko?" Orúkọ tí Màmá fi pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ sórí fóònù ló wà lórí alẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí inú tó bí mi.

Ariwo ta. Ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Àwọn kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn kan ti ń ṣépè, ọ̀kan nínú wọn gbé fọ́tò Màmá sórí status rẹ̀, ó kọ "OLE INU IJO" sí i. Àwọn kejì ní ká má jẹ́ kí ayé gbọ́, ká fi í fún Ọlọ́run, Jésù ní ká dárí ji ni. Mo mú ìwé èésú, mo wo orúkọ. Gbogbo àwọn tó ń sọ pé ká dárí jì wọ́n pátá ni wọ́n ti kó tiwọn. Gbogbo àwọn tó ń ṣépè ni kò tíì kan. Mi ò sọ pé àwọn àkọ́kọ́ ò fẹ́ràn Ọlọ́run. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbèsè tí wọn ò jẹ èèyàn kì í ṣòro ó dárí jì.

Èmi náà ti kó. Ẹni kẹfà ni mí. Ìyẹn ni pé wọn ò jẹ mí ní kọ́bọ̀, mi ò sì lẹ́nu láti dárí owó Ìyá Dúpẹ́ ji ẹnikẹ́ni.

Ẹsẹ tí wọ́n ń kà fún Ìyá Dúpẹ́ ni ti ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje. Inú Mátíù orí 18 ló wà, níbi tí Pétérù ti béèrè ìgbà mélòó ni òun máa dárí ji arákùnrin òun. Mo fẹ́ kí ẹ padà sókè díẹ̀ nínú orí kan náà. Ẹsẹ 15. Jésù ní tí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, ìwọ àti òun nìkan. Tí kò bá gbọ́, mú ẹnìkan tàbí méjì dání. Tí kò bá tún gbọ́, sọ fún ìjọ. Ìyẹn ló ṣáájú ìbéèrè Pétérù. A kàn fo ìdí rẹ̀, a lọ mú orí rẹ̀. Nínú Lúùkù 17 ẹsẹ 3, inú ẹsẹ kan ṣoṣo ni méjèèjì wà: bá a wí, tó bá ronú pìwà dà, dárí jì í.

Èyí tó ká mi lára jù wà nínú Léfítíkù orí 19. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ 18, pé kí o fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ. Ẹsẹ tó wà lókè rẹ̀ gẹ́rẹ́ ni pé kí o má kórìíra arákùnrin rẹ nínú ọkàn, kí o bá a wí, kí o má baà jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àṣé ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, ó ti ń jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, ì báà máa gbàdúrà títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Àwọn tó ń ṣépè àti àwọn tó ń gbàdúrà, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ti dé ilé Màmá. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ni gbogbo wọn ń sá fún.

Mo lọ lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ro ohun tí mo fẹ́ sọ nínú mọ́tò, mo sì ti dá a lófin fún ara mi pé mi ò ní sọ "wọ́n ní". Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe é: "Mà, wọ́n ní ẹ ò tíì san owó o, èmi ò gbà wọ́n gbọ́ o." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn èèyàn, ó sì ti fún onítọ̀hún lọ́nà àtisá lọ. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni màá sọ, màá sì dárúkọ iye owó. Mi ò tún ní béèrè pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é. Ìbéèrè yẹn, ẹkún ló máa ń bí, ẹkún á sì gba ipò owó. Ibi tí owó wà ni màá béèrè.

Iná ò sí. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n ti mọ̀. Ọwọ́ wọn ò dúró, wọ́n ń tú ẹ̀wà náà lọ tú u bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ju òkúta kan dànù mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde kí n wá jókòó, mo ní ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. ₦300,000 Ìyá Dúpẹ́ ò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Mo rí alẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Kì í ṣe báǹkì ló ṣe é, mà."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìyá Fẹ́mi. Ìwọ. Ìwọ tí mo wẹ ọmọ fún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ohun tó jẹ́ kí n wá fúnra mi nìyẹn."

"Wọ́n rán ẹ sí mi."

"Kò sẹ́ni tó rán mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà níbí. Níbo ni owó náà wà báyìí, mà?"

Wọ́n bú mi díẹ̀. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, pé ọmọ àná ló ń wá ka ẹ̀ṣẹ̀ sí àgbà lọ́rùn. Mo gbà á, orúnkún ti ń dùn mí. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé kó má fi ohùn líle bá àgbà wí, kó bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sọ pé kó má bá wọn sọ ọ́ o. Àwa ló dà bíi pé a gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ọmọ àbúrò wọn ló mú òwò kan wá, orí fóònù ni, wọ́n ní èèyàn á fi owó sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á di ìlọ́po méjì. Tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, ó jọ pé ó ń lé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba tiwọn jáde, àwọn tó ni òwò náà ní kí wọ́n fi òmíràn kún un kí ọ̀nà tó là. Owó èésú ni wọ́n fi kún un. "Mo fẹ́ dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀." Mo gbà wọ́n gbọ́. Kò sí ẹni tó gbé owó olówó tí kò fẹ́ dá a padà kí wọ́n tó mọ̀.

Lóòótọ́, wọ́n sunkún. Mo di ọwọ́ wọn mú. Kí n tó dìde, mo sọ èyí tó kù, torí mo mọ̀ pé tí mi ò bá sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́: "Mà, ẹni mẹ́rin ṣì wà tí kò tíì kó. Owó wọn ò ní gba ọ̀dọ̀ yín kọjá mọ́." Ìyẹn ló dùn wọ́n ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ. Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú tèmi.

Mi ò ní fi àwọn ìpàdé tó tẹ̀ lé e dá yín lágara. Mo padà lọ pẹ̀lú ìyá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti díákónì obìnrin kan, a kọ ìwé, kálukú fọwọ́ sí i. Màmá ta fìríṣà tí wọ́n fi ń ta omi tútù, ₦110,000 bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyókù, ₦15,000 lóṣooṣù. Ọjọ́ owó ilé ìwé ò sì dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà mo ní kí àwa mẹ́sàn-án yòókù tí a ti kó dá ₦10,000 ₦10,000 fún Dúpẹ́. Àwa méje dá a. Àwọn méjì ní àwọn ti ń fi àdúrà tì wọ́n lẹ́yìn.

Ní ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ọjọ́rú, pásítọ̀ wa, ọmọkùnrin dáadáa ni, ó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ó pe Ìyá Dúpẹ́ síwájú, ó ní kó sọ fún ìjọ pé òun ti dárí jì. Ó na gbohùngbohùn sí i. Ìyá Dúpẹ́ gbà á, ó wo ilẹ̀, ó ní: "Mo ti dárí jì wọ́n, sà. Owó mi ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ húkọ́. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó wàásù tó dáa tó ìyẹn nínú ìjọ wa lọ́dún náà. Síìpù tí eyín rẹ̀ ti yẹ̀, tẹ́ ẹ bá fipá fà á, á pa dé, ẹ ó sì wọ aṣọ jáde. Àárín òde ló ti máa là.

Ẹ wo Sákéù nínú Lúùkù 19. Ó dìde dúró, ó ní òun á fi ìdajì ohun ìní òun fún àwọn tálákà, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun á dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Jésù ò sọ fún un pé má ṣèyọnu, mo ti dárí jì ẹ́, fi owó ẹ sápò. Lẹ́yìn tó dárúkọ ìlọ́po mẹ́rin ni Jésù sọ pé ìgbàlà ti wọ ilé náà lónìí. Ìlọ́po mẹ́rin yẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lásán. Ó wà nínú òfin Ẹ́kísódù 22, àgùntàn mẹ́rin fún àgùntàn kan tí èèyàn jí, tó sì pa á tàbí tó tà á. Òun náà ni Dáfídì fi ẹnu ara rẹ̀ dá nígbà tí Nátánì wá pa ìtàn olówó tó gba àgùntàn kékeré lọ́wọ́ tálákà fún un, kó tó di pé Nátánì ní ìwọ ni ọkùnrin náà. Nátánì pẹ̀lú, ìwájú ọba ló lọ dúró sí.

Pọ́ọ̀lù ní tiẹ̀ bẹ Fílémónì nítorí Ónẹ́símù. Ó ní tó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn, èmi Pọ́ọ̀lù ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, èmi ni n ó san án. Mo ka ibẹ̀ fún àwọn alàgbà wa. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí Ìyá Dúpẹ́ gbàgbé owó, ìwé rèé, bírò rèé. Wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù. Kò sẹ́ni tó gba bírò.

Ọ̀kan nínú wọn, bàbá tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló pòwe pé bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Òwe gidi ni, èmi náà ń pa á. Ṣùgbọ́n owó tí wọn ò tíì san kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ìjọ Áńgílíkà ni bàbá yìí ti dàgbà, nítorí náà mo rán wọn létí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọdún 1864 ni wọ́n fi wọ́n jẹ bíṣọ́ọ̀bù nílùú Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí olú ìjọ Áńgílíkà wà. Nígbà tó di ọdún 1890, tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé sí Oníṣà, wọ́n jókòó ní ìgbìmọ̀ lójú Bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù. Baba arúgbó náà ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò sì sọ pé ohun tí àwọn òyìnbó náà ń ṣe dáa. Wọ́n fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, wọ́n kú. Òyìnbó ni wọ́n fi sípò wọn.

Wọ́n lè gbé ìyẹn sábẹ́ ẹní títí ayé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Justin Welby ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury yẹn kan náà, níbi tí wọ́n ti jẹ́wọ́ pé ìjọ ṣẹ̀ Crowther. Ó lé ní ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kú. Mo bi bàbá wa pé tí Canterbury bá lè padà sórí ọ̀rọ̀ tó ti tó bẹ́ẹ̀ yẹn, kí ló dé tí èésú oṣù kọkànlá fi di ọ̀rọ̀ àná? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ti ọmọbìnrin tó gbé fọ́tò sórí status, òun náà ni mo pè lọ́tọ̀. Ó bi mí pé ṣé irọ́ lòun pa ni. Mo ní kì í ṣe irọ́. Mo ní ta lo sọ ọ́ fún? O sọ fún ẹni tó ń ta káàdì fún ẹ, o sọ fún ọmọ ilé ìwé ẹ àtijọ́ ní Kánádà, o sọ fún ọmọ-ọmọ Màmá tó wà ní JSS tó ní nọ́ńbà ẹ lórí fóònù. Màmá fúnra wọn nìkan ni o ò tíì sọ fún. Ó pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mi ló ṣe é, ó sì lè jẹ́ ìyá rẹ̀ ló gbá a létí. Mo gbọ́ méjèèjì.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan há ibí yìí, torí mo mọ àwọn tó máa mú Mátíù 18 tí wọ́n á fi bo ìkà mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá ọmọdé lò pọ̀, tàbí ọkùnrin kan ń lu ìyàwó rẹ̀ ní àlùbolẹ̀, ẹ má dá lọ bá ẹnikẹ́ni láti bá a wí ní kọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹni tí wọ́n ṣe léṣe kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003. Pásítọ̀ tó bá ní ká parí irú ẹ̀ nínú ilé, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń dáàbò bò. Owó èésú ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Owó ṣe é san padà.

Ní báyìí, Màmá ṣì ń san. Oṣù méjì ni wọ́n ti pẹ́, wọn ò pa èyíkéyìí jẹ. Nígbà tí àwọn mẹ́rin tó kù fi máa kó, ẹni tó kàn ni a ń fi owó ránṣẹ́ sí tààrà. Èésú tuntun ti bẹ̀rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì la padà sí. Màmá ní àwọn náà fẹ́ wọ̀ ọ́, kì í ṣe bí olórí, bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Àwọn kan ní ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, ṣebí a ti dárí jì wọ́n. Ìyá Dúpẹ́ ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè tán, torí ₦15,000 àti owó èésú kò lè jọ jáde nínú àpò kan náà tí fìríṣà ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo ṣì gbà pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Màmá ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà mìíràn wọ́n á dáhùn, ìgbà mìíràn wọ́n á máa wá nǹkan nínú báàgì títí màá fi kọjá.

Ọmọ àbúrò wọn tó mú òwò ìlọ́po wá ti kó lọ sí Èkó. Kò sẹ́ni tó tíì bi í ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìpín tirẹ̀ wà nínú owó yẹn. Mo ti béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ Màmá tipẹ́, wọn ò fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ-ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní Màmá ní kóun wá ra síìpù, ó sì na bébà kékeré kan sí mi pẹ̀lú owó síìpù. Nọ́ńbà ọmọkùnrin náà ló wà níbẹ̀. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbé e. Màá tún un pè tí mo bá ti kó ọjà tuntun tán.